Ìyá ọkọ mi ní kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ sùn, nọ́ọ̀sì ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ọlọ́mọTuntun_Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nílé.

Àkọ́bí mi ni, ọkùnrin, kò tíì pé oṣù kan. Ìyá ọkọ mi ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bá wa wẹ ọmọ, wọ́n sì ń gbìyànjú gan-an, mi ò lẹ́jọ́. Òru ni wàhálà wa. Tí mo bá tẹ́ ọmọ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa ju ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí àyà rẹ̀ já, á sì figbe ta. Màámi ní gìrì ló fẹ́ mú un, kí n dà á dé, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe tọ́ ọkọ mi. Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá ti dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó máa sùn fọnfọn títí ọmú á fi kún láyà mi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ BCG kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ dà á dé sùn, bó ti wù kó rí.

Ohun kejì: yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì kan náà lèmi, ọkọ mi àti ọmọ ń sùn sí, àárín wa lọmọ ń wà. Màámi fi ìrọ̀rí kékeré kan sí i lórí kí orí rẹ̀ lè rí roboto, wọ́n tún fi ṣọ́ọ̀lù onírun bò ó nítorí òtútù. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kọ́ọ̀tù tokunbo, ibùsùn ọmọ onígi yẹn, tó fẹ́ tà fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

ÌyáÌbejì_Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á dá a sí.

Àbúrò mi, ẹ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín. Èmi fúnra mi, àtàwọn ìbejì mi, dídà ni wọ́n ń dà wá dé, kò sì sẹ́ni tó kú nínú wa. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni kéèyàn tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Tó bá bì í jáde ńkọ́? Ibo ni ọmú yẹn fẹ́ gbà bí kì í bá ṣe ọ̀nà ọ̀fun? Àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìsinsìnyí, ìwé ni wọ́n ń kà.

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má bínú sí mi o, màá ta kò yín díẹ̀. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe.

Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín. Gògóńgò tọ́wọ́ yín bà níwájú yẹn, ọ̀nà èémí ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ọmú tó bá rú padà ní láti gun òkè kó tó lè dé ọ̀nà èémí. Kì í sábà gùn ún, ọmọ á gbé e mì tàbí kó dà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá wá dà á dé, ọ̀nà èémí ti bọ́ sísàlẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an lohun tó bá rú jáde máa ṣàn sí. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, ọmọ tí wọ́n dà dé ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀ fún.

Ẹ mẹ́nu ba ìwé. Àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn ti fìgbà kan máa ń sọ fáwọn ìyá pé kí wọ́n dà ọmọ dé. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń sùn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú lójú oorun láìsí àìsàn kankan. Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ìpolongo fífẹ̀yìn lélẹ̀ ní 1991, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1994, iye ọmọ tó ń kú bẹ́ẹ̀ sì já wálẹ̀ ju ìdajì lọ ní ìlú méjèèjì.

Oorun fọnfọn tí ọmọ ń sùn tó bá dojú bolẹ̀ yẹn gan-an ni ìṣòro ibẹ̀. Imú rẹ̀ ti sún mọ́ fóòmù, afẹ́fẹ́ tó ti mí jáde ló tún ń fà sínú, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jí, kó ké, kó yí orí. Ọmọ tó sùn wọra jù kì í tètè jí. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin ló ń ṣẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n títí ọmọ á fi pé ọdún kan la ní ká máa tẹ́ ẹ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru.

Ti “kò sẹ́ni tó kú” yẹn, ìyá ìbejì, àwọn tí ọmọ wọn yè ló ń ròyìn. Ọmọ tó bá kú lójú oorun nílẹ̀ wa, àbíkú la ó pè é, tàbí ká ní ayé ló ṣe é. Mi ò tíì bá ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe tẹ́ ọmọ náà pàdé.

Ọlọ́mọTuntun_Ìkòròdú

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Gìrì tí màámi ń sọ yẹn wá ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nìyẹn ṣáá.

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Ẹ fara balẹ̀ wò ó nígbà tó bá tún ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló la apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, tó na ìka, tó wá kó wọn padà sáyà bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ nǹkan, bóyá kó ké díẹ̀, kì í ṣe gìrì. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ariwo bá dún tàbí tí orí wọn bá ṣàdédé rọ̀ sẹ́yìn. Kódà tí a kò bá rí i lára ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí, ọkàn wa kì í balẹ̀. Á lọ fúnra rẹ̀ tó bá ń tó bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Gìrì gidi yàtọ̀. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n léraléra, ẹ á dì í mú kò ní dáwọ́ dúró, ojú lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara lè le gbagidi, ètè lè dúdú. Ìyẹn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má da adí sí i lẹ́nu, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i lójú.

Tí jíjá láyà yẹn bá ń dí oorun rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e láti èjìká wálẹ̀, kí ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè ká. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ti fẹ́ máa yí ara padà, ẹ jáwọ́ nínú wíwé.

Ará_Manchester

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ìyá tèmi náà wá sọ́dọ̀ wa níbí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá, àti fìlà olówùú nínú oṣù keje! Wọ́n ní òtútù ìlú òyìnbó kò ní ọjọ́ orí. Yàrá ń móoru bí ààrò, ọmọ ń làágùn lábẹ́ fìlà.

Obìnrin tí wọ́n máa ń rán wá wo ọmọ nílé ní kí ìgbóná yàrá wà láàárín 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ọmọ má sì dé fìlà sùn nínú ilé, nítorí orí ni ooru ti ń jáde lára ọmọ kékeré. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà ní Ìkòròdú á rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ 20. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni mo ṣe sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ooru pọ̀ jù fún ọmọ nílùú tí òjò dídì ti ń rọ̀, kí ni ṣọ́ọ̀lù onírun ń wá lára ọmọ l'Ékòó?

Ohun mìíràn tí wọ́n tẹnu mọ́ fún wa ni àga pálọ̀. Wọ́n ní kí ìyá má ṣe gbé ọmọ dání sùn lọ lórí àga onítìmùtìmù láé, ó léwu ju bẹ́ẹ̀dì lọ fíìfíì, nítorí ọmọ máa ń há sáàárín ara ìyá àti ẹ̀yìn àga. Tó bá rẹ̀ yín lóru, tí ẹ mọ̀ pé oorun fẹ́ gbé yín lọ níbi tí ẹ ti ń fún un lọ́mú, ó sàn kẹ́ ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti palẹ̀ gbogbo nǹkan orí rẹ̀ mọ́.

BàbáỌmọ_Àkúrẹ́

Ti ooru la ń sọ, tí NẸ́PÀ bá wá mú iná lọ ńkọ́? Gbogbo wa là ń tan jẹnẹrétọ̀ kí fáànù lè fẹ́ sí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọkùnrin ilé, ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí sẹ́yìn fèrèsé yàrá ọmọ. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kọ́ ló ń pani. Èyí tó ń pani nínú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló sì máa ń bá èèyàn. Kóìlì ẹ̀fọn náà, ẹ má tàn án sínú yàrá tí ọmọ wà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló dáa.

Siga ńkọ́? Mi ò fẹ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n èmi ti fi í sílẹ̀.

Káfíńtà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù tokunbo ló fà mí wọlé.

Madam, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ sókè sódò, tí wọ́n á tẹ nǹkan kan, tó máa já wálẹ̀ kí ìyá lè na ọwọ́ gbé ọmọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á, bó jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti oṣù kẹfà 2011 ni Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́, kò gbọ́dọ̀ tà á mọ́. Ohun tó fà á ni pé ike tó ń di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú máa ń gbó, á kán, ẹ̀gbẹ́ á yọ ní igun kan, àlàfo á ṣí láàárín rẹ̀ àti fóòmù, ọmọ á yí síbẹ̀, orí rẹ̀ á há. Àwọn ọmọ ti kú sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Òmíràn tó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, ike ibẹ̀ ti kán tipẹ́, wáyà tàbí okùn ni wọ́n fi so ó.

Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dúró gbọin, ẹ wọn àlàfo igi sí igi. Kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ntímítà mẹ́fà lọ. Tí ẹ ò bá ní tépù, ẹ mú agolo mínírà, àwọn tó sanra díẹ̀ yẹn, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Tí agolo bá kọjá láàárín igi méjì, ara ọmọ lè yọ́ gba ibẹ̀ kí orí rẹ̀ sì há. Ẹ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì kan ò sí. Ẹ fi ọwọ́ mi í tìtì. Tó bá ń dún jẹ́jẹ́jẹ́, kò dáa. Ọ̀dà tó ti ń bó lára rẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ọmọ sì máa gé e jẹ tí eyín bá dé.

Fóòmù ló kù. Kó le, kó sì kún inú kọ́ọ̀tù. Tí ìka méjì bá ráyè wọ àárín fóòmù àti igi, fóòmù ti kéré jù. Àwọn tó ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí àlàfo yẹn ń wá wàhálà.

Ọlọ́mọTuntun_Ìkòròdú

Háà. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń lọ sókè sódò lóòótọ́! Ohun tí ọ̀rẹ́ mi fi ń polówó rẹ̀ fún mi gan-an nìyẹn.

Ọkọ mi ní kò sówó kọ́ọ̀tù tuntun báyìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọmọ lórúkọ ni. Tí kọ́ọ̀tù kò bá sí, ibo ni kí n tẹ́ ọmọ sí?

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Kọ́ọ̀tù kì í ṣe dandan. Láti 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn aláboyún ní páálí tí wọ́n kó ẹrù ọmọ sí, pẹ̀lú fóòmù pẹlẹbẹ tó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mu. Tí wọ́n bá ti kó ẹrù jáde, ọmọ á sùn sínú páálí. Ohun tí ọmọ nílò ni ibi tó tẹ́jú, tó le, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, nínú yàrá tí ẹ̀yin náà ń sùn. Ẹ jẹ́ kó wà ní yàrá yín fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán.

Nínú yàrá yín, bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó le, lórí ẹní, ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri àti ibi tí nǹkan ti lè já lù ú. Ẹ fi aṣọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ, kó nà dáadáa. Àgọ́ ẹ̀fọn ọmọdé tí wọ́n ń tà kiri Balógun náà wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ìrọ̀rí kékeré olówùú sí i. Ẹ yọ ìyẹn dànù. Tí tìmùtìmù inú rẹ̀ bá rọ̀ débi tí ojú ọmọ lè rì sínú rẹ̀, ẹ yọ òun náà.

Kò gbọ́dọ̀ sí ìrọ̀rí, ṣọ́ọ̀lù, bèbí ìṣeré tàbí aṣọ tí a ká sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má yí. Ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun sábà máa ń tutù, ẹ má fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.

Tó bá wá di dandan kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín ní alẹ́ kan, ẹ má fi sáàárín yín. Ẹ̀gbẹ́ yín ni kó wà, kì í ṣe ti ọkọ yín, kò sì gbọ́dọ̀ wà láàárín yín àti ògiri. Ẹ kó ìrọ̀rí jìnnà. Ẹ má ṣe é rárá tí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn bá ń mu siga, tó bá ti mu ọtí tàbí lo oògùn tó ń kunni lóorun, tàbí tí wọ́n bá bí ọmọ náà ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 tàbí tó wọ̀n kéré sí kílò 2.5.

ÌyáÌbejì_Ọ̀ṣogbo

Mo ti ń gbọ́ o, nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ti gògóńgò yẹn wọ̀ mí létí. Orí wá ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi fẹ̀yìn lélẹ̀ títí orí rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìyá mi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń padà bọ̀ sípò. Tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀tún lálẹ́ òní, ẹ kọ ọ́ sí òsì lọ́la. Tó bá lajú sílẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì ń wò ó, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dà á dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ lè le. Ẹ̀yìn ìyá tí a ń pọn ọmọ sí náà ń gba orí ọmọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ìdí tí a ó fi máa tẹ orí ọmọ mọ́ra nínú omi gbígbóná. Ìrọ̀rí kì í sọ orí di roboto.

Ìbejì: kí kálukú ní ibùsùn tirẹ̀.

Àgbàlagbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi tó ni ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí èmi náà jẹ́ ìyá ọkọ.

Ìyàwó wa, má lọ fi “nọ́ọ̀sì sọ pé” bá ìyá ọkọ ẹ jà. Obìnrin tó fi ilé ẹ̀ sílẹ̀, tó ń jí lóru bá ẹ fọ aṣọ ìgbẹ́, kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ pé òun ò mọ ọmọ tọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ jọ lọ. Sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ kó fi ọwọ́ kan gògóńgò fún màmá bó ṣe ṣe é fún wa níbí. Kí ọkọ ẹ náà má máa fi ẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ìyá ẹ̀ ni, òun ló yẹ kó sọ ọ́. Fi ọ̀sán sílẹ̀ fún màmá. Tó bá gbé ọmọ lé àyà, tí ojú ẹ̀ là sílẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Bíbélì, ìgbálẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi ti ọmọ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lóun nìkan, jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ọlọ́run á rí i níbẹ̀. Kó má ṣáà ti sí lórí ibùsùn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún káfúrà. Àwa ìyá àgbà la máa ń kó aṣọ ọmọ tó ti wà nínú àpótí láti ayébáyé wá.

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Màámi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ti káfúrà yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ló ní àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Tí irú wọn bá wọ aṣọ tàbí fi ṣọ́ọ̀lù tó ti wà pẹ̀lú káfúrà bora, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa fọ́, ibà pọ́njú á sì dé kíákíá, tó lè ba ọpọlọ jẹ́. Fífọ̀ nìkan kì í sábà tán an, nítorí náà, èyí tó bá ń rùn káfúrà, ẹ má lò ó fún ọmọ tuntun rárá. Tí funfun ojú rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ má gbé e sí oòrùn kẹ́ ẹ máa wò ó, ẹ gbé e wá.

Ọlọ́mọTuntun_Ìkòròdú

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn ṣọ́ọ̀lù náà tán ni. Káfúrà ni. Mo ti gbé e síta, mo sọ fún màámi pé omi dà sí i.

Ọ̀rẹ́ mi tó ní kọ́ọ̀tù kò dáhùn mọ́ látìgbà tí mo ti sọ fún un pé kó má tà á fún ẹlòmíràn. Màámi ní àwọn á bá mi lọ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́, àwọn ní ohun tí àwọn fẹ́ bi nọ́ọ̀sì yẹn.

Ìbéèrè kan ló kù: a máa lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ṣé ó lè sùn nínú sítì ọmọdé inú mọ́tò?

Nọ́ọ̀sì_Abíyè

Bẹ́ẹ̀ ni, inú sítì yẹn ló yẹ kó wà tí mọ́tò bá ń lọ. Ẹ máa wò ó kí àgbọ̀n rẹ̀ má lọ lẹ̀ mọ́ àyà, nítorí ọ̀nà èémí á ká bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó tẹ́jú. Ẹ má gbé sítì tòun tọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ lọ máa jẹun.

Káfíńtà_Mọ́kọ́lá

Madam, tówó bá dé, ẹ fi ìwọ̀n àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ránṣẹ́ sí mi. Igi afárá ni màá lò, mi ò ní fi ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sódò sí i, kò sì ní gba ọ̀dà. Tí ẹ bá fẹ́ fáńìṣì, mo máa fi í síta kí òórùn rẹ̀ lọ tán kí n tó gbé e wá.